Bí a ṣe ń din ìrẹsì pẹ̀lú ẹran màlúù lílọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́

Bí ìrẹsì díndín bá rọ̀ jù, ìrẹsì la sábà máa ń dá lẹ́bi. A ó ní omi rẹ̀ ló pọ̀ jù nígbà tí a sè é, tàbí ká ní irú ìrẹsì yẹn ni ò dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹran lílọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹran náà ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí. Omi tó wà lára ẹran lílọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bó bá ti kan páànù gbígbóná, omi yẹn á tú jáde, á sì kún ìdí páànù. Ẹni tó bá da ìrẹsì lé e lórí lásìkò yẹn kò din nǹkan kan, ṣe ló ń sè é lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa mí, mo rí i pé ara ẹran kò pupa mọ́, mo ní ó ti jinná nìyẹn, ni mo bá da ìrẹsì sí i. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra bí amọ̀. A jẹ ẹ́ ṣá, àmọ́ kò sẹ́ni tó bù kún un.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ: bí a ṣe máa lé e lọ kí ìrẹsì tó dé páànù. Bí ìrẹsì bá ti wà ní sísè tẹ́lẹ̀, oúnjẹ yìí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 30 lọ, láti orí gígé àlùbọ́sà títí dórí bíbù ú sáwo.

Ohun tí ẹ máa lò fún ènìyàn mẹ́rin

- Ìrẹsì sísè tó ti tutù, kọ́ọ̀pù 4, ìyẹn bíi gíráàmù 650. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sè é, kọ́ọ̀pù kan àti ìdámẹ́ta ìrẹsì gbígbẹ máa tó o.
- Ẹran màlúù lílọ̀, gíráàmù 450
- Ẹyin 3
- Àlùbọ́sà ńlá 1, ààyù hóró 3, atalẹ̀ tó tó oríkèé àtàǹpàkò kan
- Kárọ́ọ̀tì, gíríìn píìsì tàbí ẹ̀fọ́ mìíràn tó wà nílẹ̀, kọ́ọ̀pù 2. Èyí tó ti wà ní gígé nínú fírísà náà dára.
- Soy sauce, ṣíbí ìjẹun 3
- Òróró tí kò ní òórùn tó lágbára, ṣíbí ìjẹun 3
- Àlùbọ́sà eléwé, ìdì kékeré kan
- Ata gbígbẹ, níwọ̀n tí ẹnu yín bá gbà
- Òróró yánmọtí, ṣíbí tíì 1, bó bá wà

Kọ́ọ̀pù tí mò ń wí ni èyí tó ń gba mílílítà 240. Ṣíbí ìjẹun ń gba 15, ṣíbí tíì ń gba 5.

Ẹ ò rí iyọ̀ níbẹ̀, àmọ́ mi ò gbàgbé rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun soy sauce kan ní nǹkan bíi mílígíráàmù 900 sodium nínú, ìyẹn èròjà tó wà nínú iyọ̀. Bí a bá pín ṣíbí mẹ́ta fún ènìyàn mẹ́rin, ó ti ń lọ sí 700 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ti àgbàlagbà má tó 2,000 lóòjọ́. Ẹ tọ́ oúnjẹ wò ní ìparí kí ẹ tó na ọwọ́ sí iyọ̀. Èmi kì í fi kún un.

Ìrẹsì àná

Ìrẹsì tó ti sùn nínú fíríìjì ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ahun. Nígbà tí ìrẹsì bá ń jinná, stáàṣì inú rẹ̀ ń mu omi, ó ń wú, ó sì ń rọ̀. Bó bá tutù mọ́jú, stáàṣì yẹn á tún kóra jọ, á le padà, ara hóró náà á sì gbẹ. Irú hóró bẹ́ẹ̀ lè fara da ìgbákọ láìfọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀ kò lè fara dà á, torí oru ṣì wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń lẹ̀.

Èyí tí hóró rẹ̀ gùn ni kí ẹ wá. Nínú wọn, èyí tí wọ́n ti fi omi gbígbóná bọ̀ kí wọ́n tó yọ èèpo rẹ̀ ló ń gba àṣìṣe jù, nítorí kì í tètè lẹ̀. Irú tí wọ́n ń pè ní Jasmine ń ta sánsán, ó dùn mọ́ni lẹ́nu, àmọ́ ara rẹ̀ rọ̀ ju ti ìyẹn lọ, ẹ má ro ó ju bó ṣe yẹ. Irú èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ ṣàn án lómi títí omi náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí ìyẹ̀fun tó wà lára rẹ̀ lè kúrò. Kí ẹ sì dín omi tí ẹ máa fi sè é kù díẹ̀ sí ti ìrẹsì tí a fẹ́ jẹ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi eyín tẹ hóró kan, kó jinná dénú, ṣùgbọ́n kó ṣì dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ kì í ṣe eré o. Kòkòrò àrùn kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Ó ní irúgbìn kan tó le koko tí omi híhó kì í pa. Bí ìrẹsì sísè bá wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, irúgbìn yẹn á jí, kòkòrò náà á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé sínú oúnjẹ, májèlé tí gbígbé padà sórí iná kò ní lè pa mọ́. Nítorí náà, kí wákàtí méjì tó pé tí ìrẹsì ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ tí kò jìn kó lè tètè tutù, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì tí ooru rẹ̀ kò ju 4°C lọ. Èyí tó bá sùn sórí sítóòfù di òwúrọ̀, ẹ dà á nù, kódà bí kò bá rùn.

Bí kò bá wá sí ìrẹsì àná ńkọ́? Ẹ se tòní, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tírè ńlá, ẹ tan fáànù sí i fún bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ ti tírè náà sínú fírísà fún ìṣẹ́jú 10 sí i. Kò ní dà bíi ti àná, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ máa bù ú láti inú ìkòkò sínú páànù lọ. Àkókò tó bá ń tutù yìí gan-an lẹ lè fi gé àlùbọ́sà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń fò: ìrẹsì inú fíríìjì ti di òkìtì. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dé páànù kí ẹ tó máa fi ìgbákọ gún un, torí hóró ló máa fọ́. Ẹ fi omi ra ọwọ́, kí ẹ tú u ká nínú abọ́ títí hóró kọ̀ọ̀kan á fi dá dúró. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ẹran

Ẹran lílọ̀ tí wọ́n bá kọ 80/20 sí lára, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọ̀rá. Ó dùn, àmọ́ á tu ọ̀rá púpọ̀ sínú páànù, ẹ ó sì ní láti yọ díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kò ju ìdá 10 lọ kì í fún yín níṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbẹ lẹ́nu. Bí mo bá rí èyí tó wà láàárín, ìyẹn 85/15, òun ni mo máa ń mú.

Bó bá jẹ́ inú fírísà ló wà, kó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú fíríìjì láti alẹ́ àná. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ dì í sínú àpò náílọ́ọ̀nù tí omi ò lè wọ̀, ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ìṣẹ́jú 30-30. Gíráàmù 450 á yọ́ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, lójú ẹsẹ̀ sì ni kí ẹ sè é. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí tábìlì kó máa yọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ á ti móoru fún kòkòrò kí yìnyín àárín rẹ̀ tó yọ́.

Ẹ má sì fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn mìíràn kò ní gbà fún wọn láti gbé ẹran sórí iná láìfọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹran lílọ̀ á fa omi mu bíi kànìnkànìn, omi tí a sì ń sá fún nìyẹn. Èyí tó bá ta sí ara síǹkì náà á gbé kòkòrò lọ síbẹ̀. Iná ló máa pa ohun tó wà lára rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí mo máa ń dá bí ẹran náà kò bá lọ́ràá púpọ̀. Ẹ po ìdámẹ́rin ṣíbí tíì bákìn sódà mọ́ ṣíbí ìjẹun omi kan, ẹ wọ́n ọn sí ẹran, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Sódà yìí ń jẹ́ kí ẹran di omi ara rẹ̀ mú dípò kó tú u jáde, ó sì ń jẹ́ kó tètè pọ́n. Ó jọni lójú pé omi la tún bù sí i lẹ́yìn gbogbo àròyé tí mo ti ṣe, àmọ́ ṣíbí kan yẹn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò ní jẹ́ kó jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí sódà pọ̀ jù ú, torí ẹnu á mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó tan iná

Gígé gbogbo nǹkan tán kí iná tó jó kì í ṣe fáàrí. Bí páànù bá ti gbóná, kò sí àyè láti máa bó ààyù. Ẹ gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, ẹ gé ààyù àti atalẹ̀ kó kúnná. Bí kárọ́ọ̀tì bá jẹ́ tútù, ẹ gé e kó má ju hóró gíríìn píìsì lọ, kí àwọn méjèèjì lè jinná pa pọ̀. Ẹ gé àlùbọ́sà eléwé, kí ẹ ya funfun rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ewé. Ẹ fọ́ ẹyin, ẹ pò ó. Ẹ gbé abọ́ ńlá kan tó mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Abọ́ tí ẹ fi ẹran tútù sí kọ́ o, kí ìyẹn ti wà nínú síǹkì.

Páànù tó fẹ̀ ni kí ẹ lò, tó bá ṣeé ṣe kí ojú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Wok, ìyẹn páànù àwọn ará Ṣáínà tí ìdí rẹ̀ rí roboto, dára bí iná yín bá lágbára. Lórí iná ilé tí kò le púpọ̀, páànù tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ló sàn, nítorí ibi tí iná ń gbà kàn án pọ̀ jù. Ìkòkò tó jìn kò wúlò níbí, torí oru ò ní rí ọ̀nà jáde, á tún rọ̀ padà sínú oúnjẹ.

Ó di orí iná

Ẹyin ló ń ṣíwájú. Ẹ ta òróró ṣíbí ìjẹun kan sínú páànù lórí iná tó mọ níwọ̀n, ẹ da ẹyin sí i, ẹ máa fi ìgbákọ fà á láti etí wá sí àárín. Bó bá kù díẹ̀ kó jinná, tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ẹ kó o sínú abọ́ mímọ́ yẹn. Ó ṣì ń padà bọ̀ lórí iná, ibẹ̀ ni yóò ti jinná tán. Bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ báyìí, rọ́bà lẹ máa jẹ.

Ẹran ló kàn, níbí sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ mú iná le, kí páànù gbóná dáadáa. Bí ẹran bá ní ọ̀rá, ẹ má fi òróró sí i. Bí kò bá ní, ṣíbí tíì kan tó. Ẹ tẹ́ ẹran náà pẹrẹsẹ bo ojú páànù, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ó máa ń ṣe ọwọ́ bákan, mo mọ̀, àmọ́ ẹran tí a ń rò láìdáwọ́ dúró kì í pọ́n, ṣe ló ń tutù káàkiri. Bí ìdí rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ yí i padà, kí ẹ wá máa fi ẹnu ìgbákọ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Ní báyìí, ẹ fetí sí páànù. Nígbà tí ẹran kọ́kọ́ wọlé, ó dún ṣàà. Láìpẹ́ ohùn náà á lọ sílẹ̀, ẹ ó sì rí omi rúsúrúsú kan tó ń hó lábẹ́ ẹran, oru á sì máa gòkè gbùù. Ibí yìí gan-an ni mo ti kù gìrì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọ̀ pupa ti lọ lára ẹran lóòótọ́, àmọ́ nínú omi ló ṣì wà. Ẹ jẹ́ kó máa hó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oru á dínkù, omi á gbẹ, ohùn páànù á sì yí padà sí òmíràn tó ń ta pápá-pápá bí òjò orí páànù òrùlé. Ọ̀rá nìkan ló kù nísàlẹ̀ nígbà yẹn, òun ló sì ń din ẹran. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí i, títí etí rẹ̀ á fi dúdú díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti ẹran sísun.

Bí ẹ bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ, 71°C ni ẹran màlúù lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé. Ẹran tí a kò lọ̀, ara rẹ̀ lóde ni kòkòrò sábà máa ń wà. Ní gbàrà tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ ọ́, ti òde ti wọ inú nìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyí tí a kì í fi í jẹ ẹ́ láìjinná dénú. Ẹran tó ti pọ́n bí mo ṣe wí yìí á ti kọjá ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ wọ́n ṣíbí ìjẹun soy sauce kan sí i, kí ẹ rò ó kó gbẹ mọ́ ẹran lára. Ẹ kó o sínú abọ́ tí ẹyin wà. Bí ọ̀rá tó ṣẹ́ kù nínú páànù bá ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ, ẹ bu èyí tó lé kúrò. Ẹ má fọ páànù. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ yẹn, adùn ni.

Ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ da àlùbọ́sà àti funfun àlùbọ́sà eléwé sínú ọ̀rá yẹn fún ìṣẹ́jú kan, kí kárọ́ọ̀tì àti gíríìn píìsì tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ ti fírísà, tààrà ni kó ti ibẹ̀ bọ́ sínú páànù. Èyí tí a bá jẹ́ kó yọ́ nínú abọ́ á ti lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ara rẹ̀. Iná ṣì le, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ fò lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin á tó. Ẹ wá fi ààyù, atalẹ̀ àti ata sí i ní ìdajì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Bí ààyù bá ṣíwájú, á jóná, yóò sì korò.

Ìrẹsì wọlé

Ẹ ti ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ta òróró tó kù sí àyè tó ṣófo, ẹ da ìrẹsì sí i. Ẹ rò ó kí òróró lè kan hóró gbogbo, ẹ tẹ́ ẹ ká, kí ẹ tún gbé ọwọ́ kúrò fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí i padà, ẹ tún dúró. Bí ẹ bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó rí i pé àwọn hóró kan ti ń fò sókè díẹ̀ nínú páànù, ara wọn á ti gbẹ, àwọn mìíràn á sì ti pọ́n létí. Àmì tí mo máa ń wò nìyẹn.

Bí páànù yín bá kéré, ìrẹsì kọ́ọ̀pù mẹ́rin ò ní gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí méjì. Ó á gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, àmọ́ páànù tó kún dẹ́nu kì í din nǹkan.

Soy sauce tó kù, ẹ má dà á sórí ìrẹsì, torí ibi tó bá bọ́ sí á dúdú, á sì rọ̀, ibòmíràn á funfun. Ẹ dà á yí etí páànù ká níbi tó gbóná, kó hó ṣàà lórí irin, kí ẹ sì yára rò ó pọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ da ẹran àti ẹyin padà, kí ẹ fi ìgbákọ fọ́ ẹyin sí wẹ́wẹ́, kí gbogbo rẹ̀ gbóná pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ pa iná. Òróró yánmọtí àti ewé àlùbọ́sà eléwé ló gbẹ̀yìn, nítorí ooru gígùn a máa lé òórùn dídùn wọn lọ.

Bó bá yíwọ́

Bó bá ṣì rọ̀, ẹ má rò ó mọ́. Ẹ kó ìdajì rẹ̀ kúrò, ẹ mú iná le, ẹ tẹ́ èyí tó kù, kí ẹ dúró kó yan. Bó bá gbẹ jù, ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi díẹ̀ sí etí páànù, ẹ dé e fún ìdajì ìṣẹ́jú. Èyí tó bá níyọ̀ jù, ẹyin kan sí i tí kò níyọ̀ tàbí ìrẹsì funfun díẹ̀ ló lè gbà á. Ṣúgà kò lè yọ iyọ̀ kúrò, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá wí.

Ẹran adìyẹ tàbí tòlótòló lílọ̀ náà ṣeé lò lọ́nà kan náà, àmọ́ ooru tiwọn gbọ́dọ̀ dé 74°C, ẹ ó sì fi òróró kún un torí wọn ò lọ́ràá tó màlúù.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, òfin wákàtí méjì yẹn náà ló de é: sínú abọ́ olómorí tí kò jìn, kó sì wọ fíríìjì. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ gbé iye tí ẹ máa jẹ nìkan jáde, ẹ wọ́n ṣíbí omi kan sí i, ẹ dé e, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le títí oru á fi máa jáde láàárín rẹ̀ gan-an. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ kí omi tí ẹ wọ́n yẹn lè tún gbẹ.